Sísá àjàrà ní Kírétè: ẹ̀kọ́ tí omi ilẹ̀ kọ́ mi

Ẹ̀yin tí ẹ wà lóko àjàrà àwọn ìdílé Gíríìkì ní Kírétè, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé oṣù kẹsàn-án fún yín. Sultana, àjàrà tí kò ní kóró tí a ń sá gbẹ, ti wà nílẹ̀, oòrùn ń ràn, ẹ̀yìn ń ro gbogbo yín. Òjò alẹ́ kan péré ló ba tiwa jẹ́, inú mi ò sì tíì rọ̀.

A bò ó o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀lẹ ni wá. Tápólì wà lórí ẹ̀, òkúta wà létí ẹ̀ yíká. Omi ló ṣàn wá láti apá òkè, ó gba abẹ́ wọlé. Èso tó ti lo bí ọjọ́ márùn-ún nínú oòrùn ni irú èyí ń pa jù: ṣúgà inú ẹ̀ ti ki, torí náà ó ń fa omi mu, á wú, èèpo á bẹ́, oje á ṣàn, gbogbo ìdì á lẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá wá fi tápólì sílẹ̀ lórí ẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ, ooru á mú un, á kan, á sì bu. Èyí tó pọ́n bíi wúrà lánàá á di dúdú. Oníbàárà ò ní bá yín jiyàn, á kàn já owó wálẹ̀ ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan tápólì, ẹ wo ilẹ̀. Èyí tó dà gẹ̀rẹ́ sí gúúsù ni kí ẹ lò. Ẹ gbẹ́ kòtò sí apá òkè ẹ̀, kó yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ na wáyà sókè kí tápólì má fara kan èso, ẹ bò ó kí ìrì tó sẹ̀, ẹ ṣí i ní kùtù. Mo tún ń sọ ọ́: kòtò. Tápólì olówó gọbọi lórí ilẹ̀ tí kò ní kòtò, ìnáwó lásán ni.

Rírì èso sínú omi pọ́táàṣì kí ẹ tó sá a náà ṣe pàtàkì, torí èyí tó bá tètè gbẹ, òjò ò ní bá a nílẹ̀. Omi lítà 100, pọ́táàṣì (potassium carbonate) bíi kílò 5, òróró ólífì bíi lítà 1. Kì í ṣe pọ́táàṣì tí wọ́n fi ń se ọṣẹ o, ìyẹn á bó yín lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe kánún ewédú. Ẹ fi omi díẹ̀ yọ́ ọ, ẹ máa da òróró sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó títí á fi funfun bíi wàrà, kí ẹ tó bu omi yòókù sí i. Bí òróró bá ṣì léfòó, kò tíì pò. Ẹ ri apẹ̀rẹ̀ èso sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, ẹ jẹ́ kó ro, ẹ tẹ́ ẹ láìto ó léra. Ohun tó dà bí ìda lára èèpo ni omi yìí ń tú, kí omi inú èso lè ráyè jáde. Bí ọjọ́ 10 ló ń gbà; èyí tí wọn ò rì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má ká gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì ká èyí tí ò tíì dùn tó, torí bíi kílò 4 tútù ló ń di kílò 1 gbígbẹ, èyí tí ò gbó ò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ràn sí àwọn bàbá oko nígbà tí ẹ bá ń gé ẹ̀ka àjàrà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tó sá wá láti Asia Minor (ilẹ̀ Turkey òde òní) ní 1922, àwọn tó mú kí sultana gbilẹ̀ níbí. Àjàrà yìí kì í so dáadáa ní ojú (ibi tí ọ̀mùnú ti ń yọ) tó wà ní ìdí ẹ̀ka, torí náà ẹ fi ẹ̀ka gígùn tó ní bí ojú 10 sílẹ̀. Ojú méjì bíi ti àjàrà wáìnì? Ewé lẹ máa ká.

Tiwa tí kò bẹ́, a yí i, a tún un rì, ó gbẹ, a tà á. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á tí igi ẹ̀ ń já fúnra ẹ̀, ó ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ooru oòrùn kúrò lára ẹ̀ kí ẹ tó kó o sápò.