Bàtà Òsì Mi Lójú Ọ̀nà Santiago

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun nìkan lòun rin ọ̀nà Santiago, ọ̀nà táwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ná. Bí bàtà ọ̀tún àti tòsì bá bára wọn mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Tèmi ò bára mu, nítorí náà n ò lè purọ́.

Odindi ọ̀nà náà, láti Saint-Jean-Pied-de-Port nílẹ̀ Faransé títí dé Santiago de Compostela ní Spéìn, tó nǹkan bíi 780 kìlómítà. Ta ló máa fún mi ní ìsinmi oṣù kan gbáko? Ìparí rẹ̀ ni mo mú, láti Sarria, níbi tó ti ku nǹkan bíi 115 kìlómítà dé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ní ibojì Àpọ́sítélì Jákọ́bù wà. Ibẹ̀ lèrò máa ń pọ̀ sí jù, torí ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rin 100 kìlómítà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fi èdè Látìn kọ. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ gùn ún tó 200. Èmi ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo bá lọ. Mo pa fóònù, mo sọ fún àwọn ará ilé pé kẹ́nikẹ́ni má wá mi àfi tí ilé bá ń jó, kó sì jẹ́ pé ó jó gan-an. Gbogbo èèyàn ló ń kíra wọn ní "Buen Camino", ìyẹn "ọ̀nà á dára o", lójú ọ̀nà yẹn. Mo ti pinnu pé màá dáhùn, màá rẹ́rìn-ín díẹ̀, màá sì máa bá tèmi lọ. Ó sì bọ́ sí i títí mo fi dé Portomarín. Mo rìn láàárín igi oaku àti ògiri òkúta, mo gba òǹtẹ̀ méjì tó pọn dandan lójúmọ́ sínú ìwé tó ń jẹ́rìí pé mo rìn, n ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó gùn ju gbólóhùn kan lọ. Ayé dùn.

Nílé ìsùn tí mo wọ̀, òfin ni pé bàtà kankan ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Orí pẹpẹ lẹ́nu ọ̀nà ni kálukú ń bọ́ tirẹ̀ sí, kí òórùn rẹ̀ máa bá òórùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Mo to tèmi síbẹ̀ dáadáa, ọ̀tún àti òsì, mo tiẹ̀ ki okùn wọn bọnú. Lóru, ẹnì kan hanrun débi pé irin bẹ́ẹ̀dì alájà tí mo wà ń gbọ̀n. Nígbà tí oorun máa fi gbé mi, aago márùn-ún ti lù, àwọn tí kì í dúró kílẹ̀ mọ́ ti ń tan tọ́ọ̀ṣì kiri, wọ́n ń ki ọ̀rá bọ ọ̀rá nínú báàgì. N ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tó máa ń pariwo báyẹn. Nínú òkùnkùn yẹn ni ẹnì kan ti nawọ́ sí pẹpẹ.

Nígbà tí mo jáde, bàtà méjì péré ló kù níbẹ̀. Aláwọ̀ eérú ni méjèèjì, olókùn pupa ni méjèèjì. Mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó gbà á. Mo ki tòsì bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ mi wọlé lọ, ó ń lọ, ó ń lọ, kò bá nǹkan kan pàdé. Mo rò pé oorun ló ṣì ń ṣe mí. Mo bọ́ méjèèjì, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ṣe ẹ̀gbọ́n fún èkejì. Mo ṣí ahọ́n bàtà wò: ọ̀tún, 42, òsì, 45.

Ìyá tó ń bójú tó ilé ìsùn gba èyí òsì lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n gbé e súnmọ́ imú (n ò mọ ìdí), wọ́n sì mí kanlẹ̀. Sípáníìṣì tí mo gbọ́ ò ju èyí tí mo fi lè ra kọfí lọ, ṣùgbọ́n ojú wọn ti sọ ọ́ tán: ẹni náà á ti jìnnà. Ṣọ́ọ̀bù ò tíì ṣí. Ilé ìsùn sì gbọ́dọ̀ ṣófo kí aago mẹ́jọ tó lù. Bí mo ṣe ń ronú sílípáàsì tí mo fi ń wẹ̀, ìyá ti ń fa ìwé ìròyìn àná ya, wọ́n ń ká a kìǹjìkìǹjì sí imú bàtà náà. Ojú ìwé eré bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fóònù. Wọ́n pe ilé ìsùn kan ní Palas de Rei, wọ́n pe ẹlòmíràn, wọ́n pe ọkùnrin kan tó ń ta kọfí ní Gonzar, mo sì ń gbọ́ "zapato, zapato", ìyẹn bàtà, láàárín ọ̀rọ̀ wọn. Mo fọwọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó tán síbẹ̀. Wọ́n gbá mi léjìká pé kí n má ṣèyọnu.

Ìlú Portomarín tó wà lókè yìí, ìlú tuntun ni o. Èyí àtijọ́ ti wà lábẹ́ omi láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò Miño ní Belesar ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Kí omi tó bò ó, wọ́n tú ṣọ́ọ̀ṣì San Nicolás ní òkúta-òkúta, wọ́n kọ nọ́ńbà sí wọn lára, wọ́n kó wọn gun òkè, wọ́n sì tún un tò pa dà. Nọ́ńbà náà ṣì hàn lára ògiri. Mo dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láàárọ̀ pẹ̀lú bàtà méjì péré tí nọ́ńbà wà lára àwọn náà, mo ń wo bí ayé ṣe rí.

Òkè ni láti Portomarín lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, tòsì ń dún bí ọmọ odó: gbì! Bí mo bá gbé e, gìgísẹ̀ mi á yọ. Bí mo bá gbé e lélẹ̀, eré bọ́ọ̀lù á súnkì sí i níwájú. Ọ̀nà sísọnù kọ́ nìṣòro níbẹ̀. Ọfà aláwọ̀ ìyeyè wà níbi gbogbo, lára igi, lára ògiri, lórí ilẹ̀. Àlùfáà O Cebreiro, abúlé kan lójú ọ̀nà náà, Elías Valiña, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n ní 1984 kí arìnrìn-àjò má baà ṣìnà. Wọ́n ò rántí bàtà. Òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà sì ń ka ohun tó kù dé Santiago títí kan mítà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń wọ́ nọ́ńbà 45 nílẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ nípa mítà.

Nígbà tí mo dé Gonzar, ọkùnrin ọlọ́ṣọ́ọ̀bù kọfí ò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ló wò. "Áà!" ló wí, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ láti inú ilé ìdáná kó wá wò ó. Ìyàwó wò ó. Ó pe ọmọ. Wọ́n lu òǹtẹ̀ fún mi, wọn ò gbowó kọfí, mo sì mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ti parí nìyẹn. Àwọn ọmọ ilé ìwé kan tí olùkọ́ wọn kó wá rìn bá mi lẹ́yìn ìlú, gbogbo wọn figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà: "El zapato!" Wọ́n ní kí n dúró ká ya fọ́tò. Mo dúró. Olùkọ́ ní kí n gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú. Mo gbé e. Obìnrin ará Kòréà kan bọ́ ìbọ̀sẹ̀ onírun tuntun lára báàgì rẹ̀ fún mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án, kò sọ nǹkan kan. Òun nìkan ló ṣe bí mo ṣe fẹ́ kéèyàn ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ní Ligonde ni mo ti bá àwọn kan tó ń sinmi lábẹ́ igi. Wọ́n ní kí n rọra máa lọ, ó sàn kéèyàn pẹ́ ju kó ṣe ara rẹ̀ léṣe lọ. Ṣé n ò rí bàbá ará Jámánì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àánú rẹ̀ ń ṣe gbogbo èèyàn. Àánú rẹ̀ ṣe èmi náà. Ẹsẹ̀ a sì máa wú lóòótọ́ fún ẹni tó bá rìn jìnnà. Mo ti rìn kúrò níbẹ̀ díẹ̀ kí n tó pa dà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ bàbá yẹn wo ló wú?"

"Òsì."

"Òsì nìkan?"

"Òsì nìkan. Wọ́n ní àárọ̀ òní ló bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi nọ́ńbà 45 sáré.

Ní Palas de Rei ni mo bá wọn, lórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Bàbá arúgbó gíga, irun funfun, ẹsẹ̀ òsì wọn wà nínú ìbọ̀sẹ̀ nìkan, bàtà mi wà lórí itan wọn bí ọmọ tó ń sùn. Ojú wọn pọ́n fún ìtìjú. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí n tó dé. Wọ́n ní nígbà táwọn wọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn, ó fún, àwọn sì gbà pé ọjọ́ ogbó ló dé. Wọ́n gbé oògùn ìrora mì. Wọ́n pe ìyàwó wọn. Ìyàwó ní ṣebí òun ti sọ ọ́. Wọ́n fi ìpara pa á, kò rọ̀. Apoògùn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ló ní kí wọ́n bọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ ọ̀tún, ó tẹ òsì, ó wò wọ́n títí, ó wá ní kí wọ́n jẹ́ kóun rí bàtà.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ò wú. Nọ́ńbà 42 lẹ wọ̀."

Wọ́n ti sanwó ìpara tuntun kó tó sọ ọ́. Wọ́n fi tọrẹ fún mi.

Mo na ọwọ́ pé kí n gba bàtà mi. Wọ́n ò tètè gbé e sílẹ̀. Wọ́n rọra yí i pa dà, mo sì rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìnira pọ̀ jù ní Ventas de Narón, bàbá ti fi ọ̀bẹ wàràkàṣì ya á láti ibi ọmọ ìka kékeré títí dé ààrin, kí ẹsẹ̀ tó wú lè rí àyè mí. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ ni o, n ò ní í parọ́ mọ́ wọn. Ẹni tó ya á fara balẹ̀ ya á.

Ẹ̀rín ló pa wá níbẹ̀. Mo yọ eré bọ́ọ̀lù kúrò nínú tiwọn, ó ti rin gbindin. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n ka góòlù, wọ́n ní ẹgbẹ́ tí àwọn fẹ́ràn fìdí rẹmi.

Bàbá yìí ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn, àwọn ò lè fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà yíya. Ní Melide, wọ́n sanwó octopus, ẹran inú òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ, fún mi, èyí tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò bàbà, tí wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì gé sórí àwo onígi, tí wọ́n sì ń da òróró ólífì àti ata pupa lé. Ó dùn débi pé mo gbàgbé pé mo fẹ́ dá wà. Lọ́nà Arzúa, òjò Galicia, agbègbè Spéìn tí a wà, dé, òjò tí kì í béèrè bóyá èèyàn ti múra. Ó gba ojú ibi tí wọ́n ya wọlé bí ẹni tí wọ́n pè. Bàbá yọ ọ̀rá kan nínú báàgì wọn, wọ́n ní kí n fi bo ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀rá náà ń pariwo. Ìgbà yẹn ni mo mọ irú èèyàn tó ń ji mí lóròòru.

Ní Santiago, a tò síwájú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí. Èèyàn kì í wọ́n níbẹ̀. Ní 2024 nìkan, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000. Bàbá yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn bàtà láti Portomarín. Mo tẹ́tí. Nínú ìtàn tiwọn, kò sẹ́ni tó mú bàtà ẹlòmíràn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ló kéré jù fún ọkùnrin tó tóbi tó báyìí, gbogbo ìlà sì bojú wolẹ̀ wò ó.