Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Ọ̀tún Sinmi Ná

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ bí a ti ń tẹ dùùrù tẹ̀lé akọrin, ìka mi yá púpọ̀ nígbà tí mo wà nípò yín, ìyẹn gan-an ló sì kó bá mi. Wọ́n ní kí n tẹ orin ìdágbére Dido, ọbabìnrin tó fẹ́ kú, láti inú eré olórin (opera) Dido and Aeneas tí Henry Purcell, olórin ilẹ̀ England, kọ, fún obìnrin kan tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo ń da nóòtù sílẹ̀ bí òjò. Olùkọ́ wa di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó gbé e lé mi nítan. Ó ní kí n máa fi òsì nìkan tẹ̀ ẹ́, kí akọrin sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ orin náà. Báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ òsì ń tẹ̀, ń sọ̀ kalẹ̀ láti G, kò fo kíì kankan, F sharp, F, E, E flat, títí dé D, bí ẹni ń sọ̀ àtẹ̀gùn lókùnkùn. Bar márùn-ún péré ni gígùn rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà 11 ló yí po. Omele ló jọ, tó dúró sójú kan kí ìyá ìlù lè ráyè sọ̀rọ̀. Níbi tí Dido ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rántí òun, nóòtù D kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́.

Nígbà tí John Dowland, olórin ilẹ̀ England, tẹ ìwé orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1597, ó kọ gbogbo ohun tí lute, ohun èlò olókùn bíi gìtá, máa ta sílẹ̀. Nínú ìwé tí Henry Lawes, olórin England mìíràn, tẹ̀ ní 1653, báàsì nìkan ló wà lábẹ́ orin. Ẹni tó wà nídìí theorbo (lute ńlá) tàbí harpsichord (irú dùùrù àtijọ́ kan) ni yóò fi ọgbọ́n dí ìyókù. Àwọn kan ní orin Lawes gbẹ. Mi ò gbà. Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì ohùn bíi tiwa, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni Lawes ń jẹ́ kí orin tẹ̀ mọ́. Akéwì Milton yìn ín fún un. Àwa tí a ti gbọ́ ohùn orin Òyìnbó tó sọ ọkọ́ di ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ iyì iṣẹ́ yẹn.

Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ orin sókè kí ẹ tó fọwọ́ kan dùùrù. Lọ́jọ́ tí àwa méjèèjì ṣe é níwájú èrò, ọwọ́ ọ̀tún mi kò wọlé títí báàsì fi yí po lẹ́ẹ̀kẹta.