Ṣíà epo Rọ́ṣíà tí mo rà, ta ló di ìwé ẹ̀ mú?

Àbúrò mi kan pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo Gazprom, ilé iṣẹ́ gáàsì Rọ́ṣíà yẹn, ẹ wo bí ṣíà ẹ̀ ṣe já wálẹ̀, tí ogun Ukraine yìí bá parí báyìí ṣé kò ní fò sókè ni?" Inú ẹ̀ ń dùn, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló sì jọ bí èmi náà ṣe ń sọ ọ́ ní 2021, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè kàn sọ pé má rà á kí n sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó tó wákàtí méjì tá a jọ sọ ọ́. Mo wá ní kí n kọ ọ́ síbí torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó.

Èmi náà rà á o. Ìparí 2021 ni, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ epo wọn, owó yẹn ò pọ̀ lójú ẹlòmíì ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi tọ́jú ẹ̀. Ohun tó fà mí ò ṣòroó mọ̀. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á, tí ilé iṣẹ́ epo Amẹ́ríkà kan bá ń pa irú èrè kan náà, ṣíà tiẹ̀ á wọ́n ju ti Rọ́ṣíà lọ dáadáa. Dífídẹ́ńdì wọn, ìyẹn èrè tí wọ́n ń pín fún àwọn tó ní ṣíà, tún sanra. Owó gáàsì ń fò ní Yúróòpù nígbà yẹn, epo rọ̀bì náà ń gòkè, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí orílẹ̀-èdè tí gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ tó ti Rọ́ṣíà láyé yìí. Mo ní kí ló tún kù.

Ohun tó kù ni pé mi ò fọwọ́ kan ṣíà yẹn rárá. Ohun tí àwa ará ìta máa ń rà ní London ni wọ́n ń pè ní depositary receipt, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: báńkì ńlá kan máa gba ṣíà náà, á jẹ́ kó wà níbi ìpamọ́ ní Moscow, á wá gbé ìwé ẹ̀rí jáde lé e lórí, ìwé ẹ̀rí yẹn la wá ń rà tá a sì ń tà. Ẹ jẹ́ ká kà á. Èmi rèé, bróókà mi tó ń bá mi ra ṣíà tẹ̀ lé mi, ilé iṣẹ́ tó ń bá bróókà mi tọ́jú nǹkan tẹ̀ lé e, báńkì tó gbé ìwé jáde tún tẹ̀ lé ìyẹn, lẹ́yìn náà ibi ìpamọ́ ní Moscow, kó tó wá kan ilé iṣẹ́ epo fúnra ẹ̀. Ọwọ́ mẹ́rin ló wà láàárín wa. Nígbà tí nǹkan ń lọ dáadáa èèyàn ò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, torí téèyàn bá ti tẹ "rà" lórí fóònù ó ti rà á nìyẹn.

Ní February 24, 2022 tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà wọ Ukraine, àpapọ̀ ọjà ṣíà Moscow já wálẹ̀ pẹ̀lú ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ti ọjà yẹn pa fún bí oṣù kan, nígbà tí wọ́n sì tún un ṣí ní March 24, wọn ò gbà kí àwọn àjèjì ta nǹkan kan. Ní London ńkọ́? Ìwé Lukoil, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ epo Rọ́ṣíà, tó lé ní dọ́là 80 kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, kò tó dọ́là kan mọ́ ní March 2. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dá ọjà ìwé wọn dúró pátápátá. Ohun tó dùn mí jù, tó ṣì ń dùn mí, ni pé epo rọ̀bì ti kọjá dọ́là 100 lórí àgbá kan lọ́sẹ̀ yẹn gan-an! Epo ń jáde nílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń gbé e lọ, ilé iṣẹ́ ń pawó, ìwé tó wà lọ́wọ́ wa ò sì tó owó omi mímu. Gbogbo ìṣirò èrè àti owó epo tí mo ṣe kí n tó rà á, ó tọ̀nà. Ọ̀nà tí owó yẹn máa gbà dé ọ̀dọ̀ mi ni mi ò ṣírò.

Nígbà tó di April, Putin fọwọ́ sí òfin pé kí àwọn ilé iṣẹ́ náà kó ìwé wọn kúrò lọ́jà òkèèrè, kí ẹni tó ní in lọ pààrọ̀ ẹ̀ sí ṣíà gan-an ní Rọ́ṣíà. Èyí dáa létí, àmọ́ láti pààrọ̀ ẹ̀ o ní láti ní àkáǹtì níbẹ̀, àwọn báńkì tó wà láàárín ò sì fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan Rọ́ṣíà mọ́ nítorí ìfòfindè tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn fi lé Rọ́ṣíà lórí. Àwọn àjèjì tó tiẹ̀ rí i ṣe, àkáǹtì àrà ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní táìpù C ni dífídẹ́ńdì ọ̀pọ̀ wọn ń bọ́ sí, owó tó bá sì wọ ibẹ̀, a lè fi san owó orí tàbí ra bọ́ǹdì ìjọba wọn, ṣùgbọ́n kó jáde wá bá ẹ nílé, ó di kí wọ́n gbà fún ẹ.

Ẹ má rò pé àwa kéékèèké nìkan ló kàn o. BP, ilé iṣẹ́ epo ńlá ti Gẹ̀ẹ́sì, ní ìdá 19.75 nínú ọgọ́rùn-ún Rosneft, ilé iṣẹ́ epo ìjọba Rọ́ṣíà, wọ́n ní àwọn ń jáde, wọ́n sì gbà pé àwọn pàdánù ohun tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là 24. TotalEnergies ti Faransé ṣì wà nínú Novatek, ilé iṣẹ́ gáàsì Rọ́ṣíà mìíràn, pẹ̀lú ìdá 19.4, wọn ò rí i tà. Tí lọ́yà àti báńkì irú àwọn wọ̀nyí ò bá rí ọ̀nà àbáyọ, kí lèmi fẹ́ fi fóònù ṣe?

Mo sì ti ka ìtàn Yukos, ilé iṣẹ́ epo ńlá kan ní Rọ́ṣíà, tipẹ́ o, ìyẹn ló máa ń bí mi nínú sí ara mi. Wọ́n mú Khodorkovsky ọ̀gá wọn ní pápákọ̀ òfuurufú ní Siberia ní October 2003, wọ́n gbé owó orí rẹpẹtẹ lé ilé iṣẹ́ náà lórí, ní December 2004 wọ́n ta ẹ̀ka tó ń wa epo jù fún ilé iṣẹ́ kan tẹ́nì kankan ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, ní bílíọ̀nù dọ́là 9 àti díẹ̀, kò pẹ́ rárá tí Rosneft ti ìjọba fi gbà á. Nígbà tó di 2007 Yukos ti pòórá. Mo kà á, mo sọ pé ìyẹn ti pẹ́.

Àbúrò mi wá ní àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn ńkọ́, wọn ò ń rí owó níbẹ̀ ni? Wọ́n ń rí i o, Lukoil san dáadáa. Surgutneftegas, ilé iṣẹ́ epo mìíràn, náà ní owó ilẹ̀ òkèèrè rẹpẹtẹ ní báńkì, tí rúbù, owó Rọ́ṣíà, bá já lulẹ̀ èrè ẹ̀ á wú, ìdí nìyẹn tí ṣíà àkànṣe ẹ̀ fi gba 0.8 rúbù péré lórí 2022, tó sì gba 12.29 lórí 2023, ó jọ pé owó ilẹ̀ òkèèrè lèèyàn rà ju epo lọ. Ṣùgbọ́n Gazprom tí àbúrò mi fẹ́ yẹn, ìjọba ló ní ju ìdajì ẹ̀ lọ. Ní 2022 ìgbìmọ̀ olùdarí ní àwọn máa pín 52.5 rúbù lórí ṣíà kan, àwọn èèyàn sáré rà á, ó di June 30 ni ìpàdé bá ní àwọn ò pín in mọ́, ṣíà náà sì pàdánù bí ìdá 30 lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n san 51.03 rúbù lórí ṣíà kan lọ́dún yẹn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìjọba tún gba bílíọ̀nù 50 rúbù sí i lóṣooṣù lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2023 àti 2024. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà Yúróòpù ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, páìpù Nord Stream tó ń gbé gáàsì lọ sí Jámánì ti bú gbàmù, ọ̀nà Ukraine ti dí láti January 1, 2025, páìpù ti China ò sì lè gbé gbogbo ìyẹn. Ó pàdánù bílíọ̀nù 629 rúbù ní 2023. Àlàáfíà lè dé o, mo sì ń gbàdúrà ẹ̀ fún ẹ̀mí èèyàn, ṣùgbọ́n mi ò rí bí àlàáfíà nìkan ṣe máa dá àwọn oníbàárà yẹn padà.

Nígbà tá a sọ ọ́ débẹ̀ ó dákẹ́. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n má rà á ni?" Mo ní owó ẹ ni, mi ò lè pinnu fún ẹ, ṣùgbọ́n kọ ìwé sí bróókà ẹ, bi wọ́n pé níbo ni ṣíà yẹn máa wà, orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sí i lára, tí wọ́n bá sì tún ti ilẹ̀kùn pa, ta ló máa ṣí i fún ẹ. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ó fi hàn mí kó tó fi ránṣẹ́. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, wọn ò tíì dá a lóhùn, kò sì tíì rà á. Ní tèmi, iye ṣíà mi ṣì wà nínú àkáǹtì bó ṣe wà, òdo ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀.