Ó Dùn Ni, àbí Ó Ti Mọ́ Wa Lára?

Gbólóhùn kan ni mo gbé wálé lónìí, n kò sì tíì rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Obìnrin kan ló sọ ọ́ nínú ọkọ̀ Micra tí a wọ̀ láti Dùgbẹ̀. Ó ń tú etí ìró rẹ̀ láti yọ owó ọkọ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ti ń fa ọ̀rọ̀ orin "Calm Down" tí Rema kọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ìgbà tí a ti kúrò ní ibùdókọ̀. Ó ní, "Ṣé ó dùn ni, àbí ó ti mọ́ wa lára?" Ó bọ́ sílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ó gbé igbá èlùbọ́ rẹ̀ rù, kò dúró gbọ́ èsì. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì ní èsì láti fún un.

Èyí tó jókòó níwájú nínú àwọn méjèèjì ni orin náà wù. Ó ní orin tí ọmọ Benin City kọ, tó gòkè dé ipò kẹta lórí àtẹ orin Billboard Hot 100 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, tí àwọn ènìyàn ti gbọ́ ju ìgbà bílíọ̀nù kan lọ lórí Spotify, òun kò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni tún fẹ́ wí sí i. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí wọ́n yọ ìlù kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí òun létí bí ẹni tó ń ka lẹ́tà, kí òun rí ohun tó máa kù. Awakọ̀ kò dá sí i. Ó ń fi ọwọ́ òsì wa ọkọ̀, ó ń fi òrùka ìka ọ̀tún rẹ̀ kan sítíárìn, òrùka náà kò sì ṣi ìlù orin náà gbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti Dùgbẹ̀ títí dé abẹ́ bíríìjì Mọ́kọ́lá.

Ẹ̀yìn ẹni kejì ni mo wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ níbí mọ̀ pé ẹjọ́ tí mo ń bá orin yìí rò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìtàn inú rẹ̀ kò ju pé ọmọkùnrin kan rí ọmọbìnrin tó wọ aṣọ yẹ́lò níbi àríyá, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ọmọbìnrin náà sì ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ dá a lóhùn. Ibi tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tó parí sí. Ibi tó sì tètè ń wọ ènìyàn létí jù nínú rẹ̀ ni ibi tí kò ti sí ọ̀rọ̀ rárá, tí ahọ́n kàn ń yí lẹ́nu. Nínú ilé tí a ti tọ́ mi dàgbà, ọ̀rọ̀ ni a máa ń jókòó tì bí Hárúnà Ìṣọ̀lá bá ń kọrin. Bàbá mi a máa gbé abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù padà sẹ́yìn nítorí òwe kan ṣoṣo, a sì wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó yé.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ akọrin tí mo ń darí tún fi kún un. Àwọn orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ohùn orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohùn náà kò sì mọ̀ pé èdè wa ní ohùn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ a máa gòkè, ọkọ̀ a sì di ọkọ́ lẹ́nu ẹni tó ń yin Ọlọ́run tọkàntọkàn. Thomas Ekundayo Phillips, tó bọ́ sídìí dùùrù Kàtídírà Kírísítì ní Èkó ní ọdún 1914, tó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn tó fi ayé wọn wá bí orin inú ìjọ yóò ṣe máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Òṣùwọ̀n tí mo gbà lọ́wọ́ irú wọn ni mo fi ń wọn gbogbo orin: kí ohùn máa ru ọ̀rọ̀. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó fẹ́ rù, kí ni ohùn rẹ̀ wà fún? Bí mo ṣe ń wí nìyẹn, ó sì dá mi lójú títí obìnrin yẹn fi la ẹnu.

Nítorí pé kò sọ pé orin náà kò dùn. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, mà bá ti gbè é lẹ́sẹ̀, a ò bá sì jọ rẹ́rìn-ín. Kò sì sọ pé ó dùn. Ìbéèrè ló fi síbẹ̀, "àbí ó ti mọ́ wa lára," ó sì sọ pé "wa," ó ka ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun tó kù lónìí kò pọ̀. Mo gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀, ó tún há lápá. Mo ra gáàsì. Òjò ṣú ní Sángo, kò rọ̀.

Mo fi gbólóhùn náà ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp, nítorí pé ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ló kà ní yunifásítì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí Robert Zajonc, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, fi ìwádìí hàn ní ọdún 1968 ni obìnrin yẹn sọ nínú ọkọ̀ yìí." Ó ṣàlàyé pé ọkùnrin náà kó àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ kankan, àti àwọn àmì tó jọ ìkọ̀wé àwọn ará Ṣáínà, síwájú àwọn ènìyàn. Ó fi òmíràn hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, ó fi òmíràn hàn wọ́n títí dé ìgbà 25, lẹ́yìn náà ló wá bi wọ́n pé èwo ni wọ́n rò pé ìtumọ̀ rẹ̀ dára. Èyí tí wọ́n rí jù ni wọ́n ní ó dára jù, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ ohun tí ìkankan nínú wọn ń jẹ́.

Inú mi dùn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Mo ní ó tán, ẹjọ́ ti dá. Orin náà kò dùn, ó kàn mọ́ wa lára ni, bílíọ̀nù tí ọmọkùnrin yẹn sì ń kà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dùn bí kò ṣe ohun tó sọ ọ́ di dídùn létí wa. Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ ilé kejì dún. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbọ́ ọ ní alaalẹ́, kò sì dùn mọ́ mi rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ tó ń polówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí, tó máa ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ orin kan náà yí Dùgbẹ̀ po. Mo mọ gbogbo orin náà látorí, mo lè kọ ọ́ lójú oorun, n kò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láyé. Bí mímọ́ra nìkan bá tó láti sọ nǹkan di dídùn, ó yẹ kí n ti máa jó sí jẹnẹrétọ̀. Àbí àbúrò mi yóò sọ pé ohun tí ènìyàn ti kọ́kọ́ kórìíra kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣeé ṣe. N kò tíì bi í.

Ohun tó ń dùn mí gan-an kì í ṣe orin Rema. Nígbà tí mo ń fọ abọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yí padà sí mi. Orin tí mo gbà pé ó dára jù láyé yìí, èyí tí mo ti sọ fún ẹgbẹ́ akọrin mi pé kí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí ọjọ́ mi bá kò, orin tí bàbá mi máa ń fi jí wa ní àárọ̀ ni. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn ìdí tó fi dára, bí ohùn rẹ̀ ṣe ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi kò bá tíì fi jí mi láti ọmọ ọdún mẹ́ta, ṣé mà bá gbọ́ ọ? Ṣé ó dùn ni, àbí ó ti mọ́ mi lára? Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí pẹ̀lú mi ní oṣù Kẹta mọ ìdí tí n kò fi ní sọ ju báyìí lọ. Mo kàn mọ̀ pé mo gbé abọ́ náà sílẹ̀, omi sì ń dà nù.

Bí wọ́n bá sọ fún mi pé mímọ́ra lásán ni, n kò ní gbà. Nítorí náà, n kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọkùnrin iwájú ọkọ̀ yẹn.

Àmọ́ n kò tíì gbà pé orin rẹ̀ dára.

Nígbà tí mo dé ibi ìfidánrawò ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọbìnrin ìlà iwájú ń kọ orin Rema náà lábẹ́lẹ̀ kí àwọn tó kù tó dé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo sábà máa ń pàtẹ́wọ́ kí wọ́n dákẹ́. Lónìí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí a ti fi oṣù méjì kọ́ ní ohùn kejì tí kò gbà, bọ́ sábẹ́ ohùn àwọn yòókù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó sì dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpó. Kò yẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó dá a dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Mo ní kò burú, kó máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ojú ti tì í. Mo ronú pé orin tí ọmọdé lè rí ohùn kejì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní egungun nínú, ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé orin agbo jẹ̀díjẹ̀dí náà ní ohùn kejì.

Mo wá ń wá ọjọ́ àkọ́kọ́. Orin Rema jáde ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí kò sí bílíọ̀nù, tí kò sì tíì mọ́ ẹnikẹ́ni lára. Ẹnì kan wà níbì kan tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tó sì tún un gbọ́. Kí ló mú un tún un gbọ́? Ibẹ̀ ni ìdáhùn obìnrin yẹn wà, bí ó bá wà níbì kankan. Lóòótọ́, a lè fi owó ra ìgbà àkọ́kọ́, kí rédíò máa gbé e ní wákàtí wákàtí, ṣùgbọ́n n kò rò pé a lè fi owó ra kí ènìyàn dá wà nínú yàrá rẹ̀, kó sì ní òun fẹ́ gbọ́ ọ sí i. Mo gbìyànjú láti rántí ìgbà tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ, n kò rí i rántí. Bẹ́ẹ̀, mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ "Gongo Aso" ti 9ice ní ọdún 2008: ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan ní Òkè-Àdó ni, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, rédíò tan fúnra rẹ̀, mo sì di ọwọ́ agẹrun mú kí n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin náà ń sọ. Mo fẹ́ sọ pé bí a ṣe ń mọ orin tó dára nìyẹn. Àmọ́ n kò ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú orin bàbá mi náà. Mo bá a nílé ni.

Ó ku ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí. Màmá Òkè ni mo rò. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Ìṣẹ́yìn, ìròyìn aago méje nìkan ni wọ́n máa ń tan rédíò sí, wọ́n sì máa ń pa á kí orin tó wọlé. Mo gbé fóònù gòkè lọ bá wọn ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ orin kan." Wọ́n ní, "Ti ìjọ ni?" Mo ní rárá. Wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé etí ọ̀tún tó ń gbọ́ dáadáa, wọ́n sì di ojú. Wọn kò mi orí, wọn kò mi ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́, títí tó fi dákẹ́.

Wọ́n ní, "Ta ni ọmọ yìí ń bẹ̀?"

Màmá Òkè kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì gbọ́ pijin. N kò sọ nǹkan kan fún wọn nípa orin náà kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Mo ní ọmọbìnrin kan ni, tó wọ aṣọ yẹ́lò.

"Ó dá a lóhùn?"

N kò mọ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí orin yìí ti ń dún sí mi létí, n kò sì fetí sí i tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rántí pé wọ́n tún un ṣe ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 pẹ̀lú Selena Gomez, ará Amẹ́ríkà, pé ohùn obìnrin wà nínú ìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá a. Dátà mi kò lágbára lókè níbẹ̀, ó ń yí, ó ń yí, Màmá Òkè sì nawọ́ fa àga kejì sún mọ́ ọ̀dọ̀ wọn pé kí n jókòó.