Ẹ gbé kọ̀ǹpútà lọ bá igbá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n ní kí ẹ lọ kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Basic Technology, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní láptọ́ọ̀pù kì í sábà fẹ́ kó jáde. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń tì í mọ́ kó má baà bàjẹ́. Ẹ̀rù yẹn yé mi, owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi rà á. Síbẹ̀, ẹ bẹ ọ̀gá yín, ẹ fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọnà.

L'Ọ̀yọ́ níbí, igbá fínfín ni mo fi ń kọ́ wọn. Kí a tó tan kọ̀ǹpútà rárá, ọmọ á fi okùn yí ẹnu igbá po, á sì nà án sórí rúlà. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 94, wọ́n á fi 3.14 pín in, ìbú ẹnu igbá á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa yà á lórí Inkscape, ìyẹn ètò tí a fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, kì í jẹ dátà tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ láti ilé. Bí ọnà mẹ́jọ bá máa yí igbá ká, 360 tí a pín sí 8 jẹ́ 45. Wọ́n á ya ẹyọ kan, wọ́n á máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n á máa yí i ní dígírì 45 títí á fi pé.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: tí wọ́n bá tẹ ọnà yẹn sórí ìwé, tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igbá, ìwé á rún. Ẹ má tíì ṣàlàyé o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ wo bí àgbà ṣe ń fín in. Bàbá tí a máa ń lọ bá kì í lo ìwé, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀bẹ rẹ̀ á fa ìlà láti ìdí igbá wá sí ẹnu, àlàfo tó fẹ̀ lẹ́nu á máa tín-ín-rín lọ sídìí. Ọmọ tó bá rí i á sọ fúnra rẹ̀ pé kí a gé ìwé bí ẹ̀là ọsàn. Ẹ̀là mẹ́jọ, 94 tí a pín sí 8, ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11.75, okùn náà ni wọ́n á fi wọn gígùn rẹ̀. Ìwé A4 á gbà á.

Tí ọmọ mẹ́rin bá pín láptọ́ọ̀pù kan, ẹni tó di máòsì mú kì í fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọbìnrin dáadáa, nítorí iṣẹ́ kíkọ nọ́ńbà ni wọ́n sábà máa ń tì sí wọn lọ́rùn, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n yàwòrán.

Ti iná, ẹ ṣáájì láti alẹ́ àná. Ṣájà kan lè gba wáàtì 65, ẹ má di mẹ́wàá ru jẹnẹrétọ̀ kékeré.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀wé, 100% ni kó fi tẹ̀ ẹ́, kó má lo “Fit to page”, torí ìyẹn á sọ ẹ̀là di kékeré. Kí ọmọ tún fi rúlà wọn 11.75 yẹn lórí ìwé kó tó mú àlùmọ́gàjí.