Ìjẹta kì í ṣe "three days ago": bí a ṣe ń lo "ago"

"Ago" kì í dá dúró. Iye àkókò ló máa ń ṣíwájú rẹ̀: "a week ago", "ten years ago", "long ago". Inú ọ̀rọ̀ ìṣe àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí "kọjá lọ" ló ti jáde, ìyẹn ni kò fi nílò ọ̀rọ̀ mìíràn níwájú iye náà. Ṣùgbọ́n àwa a máa sọ pé "ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn", "ní" yẹn ló sì ń sọ ara rẹ̀ di "in two weeks ago" lẹ́nu wa. Ẹ yọ "in" kúrò.

Ọjọ́ kíkà ló gba ìṣọ́ra jù. Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́rú ni ìjẹta: Ẹtì, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú, ó pé mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì kì í ka òní. Àná ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, "two days ago" ni ìjẹta, ìjẹrin tó bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni "three days ago". Ẹni tó bá tìtorí ẹ̀ta inú ìjẹta kọ "three" ti fi ọjọ́ kan lé e. Bí nọ́ọ̀sì bá ń béèrè ìgbà tí ibà ọmọ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kan yẹn kì í ṣe kékeré. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ dárúkọ ọjọ́ náà gan-an: "on Wednesday".

Ẹ má sì sọ fún dókítà ní London pé "it started last two weeks". Nílé, ó yé wa. Létí tirẹ̀, "the last two weeks" ni gbogbo ọjọ́ 14 náà látòkè délẹ̀. "It started two weeks ago" ni kí ẹ sọ.

"Ti" náà ń dá wàhálà sílẹ̀. "Ó ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá" dùn lédè wa, ṣùgbọ́n "he has arrived a week ago" kò tọ̀nà, torí "ago" ń tọ́ka sí àkókò tó ti parí, "has" kì í sì bá irú àkókò bẹ́ẹ̀ rìn. "He arrived a week ago". Bó bá ṣì wà níbẹ̀, "he has been here for a week".

Ìsinsìnyí nìkan ni "ago" ti ń kà sẹ́yìn. Bí ìtàn bá dúró sí 1960 tí Nàìjíríà gba òmìnira, tí ẹ sì fẹ́ sọ pé Ìwọ̀-Oòrùn ti gba ìjọba ara-ẹni ní 1957, "three years earlier" ni. "Three years ago" yóò gbé e wá sí ayé òde òní.