Ọdún Patrick Mímọ́ nínú kíláàsì l'Ábẹ́òkúta

Bí oṣù Kẹta bá ti ń wọlé, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó bá ń wá ohun tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣàì bá àwòrán fìlà aláwọ̀ ewé pàdé, pẹ̀lú ìkòkò wúrà àti ọkùnrin kúkúrú onírùngbọ̀n pupa. Ọdún Patrick Mímọ́ tí àwọn ará Írẹ́lándì ń ṣe ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni wọ́n fi ń polongo. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Abẹ́òkúta níbí náà ti ń bá wọn dá sí i: wọ́n á ní kí òbí ra aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n á to àwọn ọmọ jọ, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Èmi kò lòdì sí ọdún náà rárá. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni kí ọmọ wọ aṣọ ọdún tí kò mọ ìtàn rẹ̀, pàápàá nígbà tí ìtàn ọ̀hún sún mọ́ ti ìlú wa ju bí ọ̀pọ̀ òbí ti rò lọ.

Patrick kì í ṣe ọmọ Írẹ́lándì. Bìrìtéènì ni wọ́n ti bí i, láyé ìjọba àwọn ará Róòmù tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀, sẹ́ńtúrì karùn-ún ni ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Látìn pé òun ń sún mọ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí àwọn akónilẹ́rú gbé òun lọ sí Írẹ́lándì, pé ọdún mẹ́fà ni òun fi da ẹran níbẹ̀ kí òun tó rí ọ̀nà sá lọ, àti pé lẹ́yìn náà ni òun padà lọ wàásù fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí òun ti sìnrú. Bíṣọ́ọ̀bù ni ó jẹ́ láàárín wọn.

Ọmọ Abẹ́òkúta wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí Àjàyí Crowther? Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ní 1846 ó bá àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, wọ Abẹ́òkúta, ìlú yìí kan náà ni òun àti ìyá rẹ̀ sì ti tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn bí ọdún 25. Ní 1864 wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò ọdún náà kò gbà ju ṣọ́ọ̀kì lọ: ẹ fa ìlà sí àárín pátákó, ẹ kọ Patrick sí apá kan, ẹ kọ Àjàyí sí apá kejì, kí àwọn ọmọ máa sọ ibi tí ìtàn méjèèjì ti jọ ara wọn àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Wọn kì í pẹ́ rí ibi tí wọ́n ti jọra. Ìyàtọ̀ ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, nítorí pé Àjàyí padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tí ó fi í ṣe ẹrú ni Patrick padà sí. Ẹ bi wọ́n léèrè pé èwo ni ó nira jù, kí ẹ sì jókòó gbọ́ wọn. Bí ẹnu wọn bá ti dákẹ́, ẹ kó wọn jáde síta, kí ọmọ kan dúró gẹ́gẹ́ bíi Patrick, kí òmíràn máa gbé ìgbésẹ̀ kan fún ọgọ́rùn-ún ọdún kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi dé ìgbà Àjàyí. Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá ni yóò gbé, àwọn tí ó ń wò ó ni yóò sì kà á fún un.

Ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kristẹni ni ó kún kíláàsì wa l'Ábẹ́òkúta, nítorí náà ìtàn ni kí olùkọ́ sọ, kí ó fi ìwàásù sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni í. Kò burú kí wọ́n gbọ́ pé láti 1961 ni àwọn Kátólíìkì ti ka Patrick mọ́ àwọn ẹni mímọ́ alábòójútó Nàìjíríà, nítorí pé ọ̀pọ̀ àlùfáà láti Írẹ́lándì ni ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa.

Shamrock, ewé kékeré tí ó pín sí mẹ́ta lórí ọ̀pá kan ṣoṣo, ni àmì ọdún náà. Àwọn ará Írẹ́lándì ní Patrick fi ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìtàn ewé yìí nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Kò sí shamrock lọ́jà Kútọ̀, n kò sì rí ìdí tí a ó fi máa tẹ àwòrán rẹ̀ sórí bébà nígbà tí ẹ̀wà wà nílé gbogbo wa. Ìdílé kan náà ni ẹ̀wà àti shamrock wà nínú ìmọ̀ ewéko, ewé mẹ́ta-mẹ́ta sì ni ẹ̀wà náà ń yọ. Ní ìparí oṣù Kejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú agolo mílíìkì òfìfo kan wá, kí olùkọ́ fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ kí omi má baà dúró, kí wọ́n bu erùpẹ̀ sí i, kí wọ́n sì gbin hóró ẹ̀wà méjì. Ohun tí ó dùn jù níbẹ̀ ni pé ewé tí yóò kọ́kọ́ là kì í ṣe mẹ́ta: ewé méjì tí ó dojú kọ ara wọn ni, tí kò pín rárá. Àwọn ọmọ á figbe ta pé, “Àǹtí, ẹ ní mẹ́ta ni o!” Ẹ má tíì dá wọn lóhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi rúlà wọn gíga rẹ̀ láràárọ̀, kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí pé ewé tí yóò tẹ̀lé e ni yóò yọ ní mẹ́ta, inú ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ yọ kò sì ní gba ìsinmi lọ́jọ́ náà. Àwọn ewé wọ̀nyí náà ni ẹ ó fi kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀ onímẹ́ta.

Ibi tí Abẹ́òkúta ti ju ìlú tí ó kù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àdìrẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọ̀ ewé ni ti Patrick láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n nígbà tí Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ olóyè kan tí wọ́n fi orúkọ Patrick pè sílẹ̀ ní 1783, búlúù ni àwọ̀ tí wọ́n yàn fún un. Ìjà òmìnira àwọn ará Írẹ́lándì, bíi ọ̀tẹ̀ ọdún 1798, ni ó jẹ́ kí àwọ̀ ewé gbilẹ̀. Nítorí náà, aṣọ aláró kò ṣàjèjì sí ọdún náà rárá. Kí àwọn ọmọ gé àwòrán ewé mẹ́ta náà sára páálí kí ihò rẹ̀ yọ dáadáa, kí wọ́n tẹ́ páálí náà lé aṣọ funfun, kí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún tí ó ki ra ojú ihò náà, kí wọ́n rọra gbé páálí kúrò, kí wọ́n sì sá aṣọ sí oòrùn títí ẹ̀kọ yóò fi gbẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti parí, nítorí pé kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró ayé òde òní lè bó ọmọ lára. Ẹ kó aṣọ náà lọ bá àwọn ìyá aláró ní Ìtòkú, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró lókèèrè wò ó. Bí ìyá aláró bá jẹ́ ẹni tí ó ṣì ń lo ẹlú, ewé tí a fi ń ṣe aró, wọn yóò rí ohun àrà: bí ó bá ṣe fa aṣọ náà yọ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ni yóò kọ́kọ́ hàn, atẹ́gùn yóò sì máa sọ ọ́ di búlúù lójú wọn. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lórí ohun tí ọ́síjìn ń ṣe nìyẹn, kò sì sí fìlà tí a rà lọ́jà tí ó lè kọ́ wọn ní i. Bí wọ́n bá ti fọ ẹ̀kọ kúrò, ewé funfun yóò yọ lórí búlúù.

Ti ejò kò gba àkókò púpọ̀. Wọ́n ní Patrick ni ó lé ejò jáde ní Írẹ́lándì. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ejò kò dé ibẹ̀ rí láti ìgbà tí yìnyín ayé àtijọ́ ti yọ́, nítorí pé òkun ti yí ilẹ̀ náà ká. Fún ọmọ tí ó ń gbé ìdí àpáta l'Ábẹ́òkúta, ìlú tí kò ní ejò jẹ́ ohun ìyanu. Ní ti ọkùnrin kúkúrú tí wọ́n ní ó fi wúrà pamọ́ sí ìdí òṣùmàrè, mo máa ń fò ó. Òṣùmàrè gan-an ni kí ẹ fi hàn wọ́n, pẹ̀lú ọpọ́n omi, dígí tí ẹ gbé dàgẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀ ní oòrùn àárọ̀, àti bébà funfun tí ìmọ́lẹ̀ yóò já sí.

Àwọn kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ti tó gbọ́ nípa ìyàn ńlá tí ó mú ní Írẹ́lándì, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ọjọ́ ọdún gan-an. Ní 1845 àrùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọ̀dùnkún wọn jẹ́, èyí tí àwa ń pè ní Áírìṣì lọ́jà, ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ọ̀pọ̀ tálákà ibẹ̀ ń jẹ, irú kan náà ni wọ́n sì ń gbìn káàkiri. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, ó ju mílíọ̀nù kan lọ tí ó kó kúrò nílùú, púpọ̀ nínú wọn sí Amẹ́ríkà, ìdí sì nìyẹn tí ọdún náà fi tóbi tó bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ gbogbo ohun tí wọ́n jẹ nílé wọn lọ́sẹ̀ kan, kí ó fa ìlà sábẹ́ èyí tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, láti orí gàrí dé láfún, kí ó sì sọ ohun tí yóò kù bí ẹ̀gẹ́ bá kọ̀ lọ́dún kan.

Ní ti owó, ìwé tí ẹ ó kọ sí òbí kò gbọdọ̀ ju ìlà méjì lọ: agolo mílíìkì òfìfo kan, àti àkísà aṣọ funfun kan tí ó jẹ́ òwú gidi, nítorí pé aró kì í mú ọ̀rá. Ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ó san owó aláró.